Ewé Nìkan Kọ́ Ni Ẹlẹ́rìí

Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ohun kan tí ó dàbí ohun kékeré lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, èyíinì ni àìsàn tí ń ṣe ewébẹ̀ tí a gbìn sí ẹ̀yìnkùlé wa. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kò yẹ fún ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ó rántí pé a ó rán púpọ̀ nínú wa lọ sí ìletò tí a ń ná ọjà rẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, níbi tí ẹni tí kò bá ní ọgbà kì yóò rí ewébẹ̀ tútù fi sí ọbẹ̀ ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Kí ó rántí pẹ̀lú pé ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí a ó fi lé olùkọ́ lọ́wọ́, àti pé ojú olùkọ́ ni gbogbo ọmọ yóò máa wò ní ọjọ́ tí ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Àṣà kan wà láàárín wa tí mo ti ń kíyè sí láti ìgbà èwe mi. Nígbà tí ewébẹ̀ bá ń ṣàìsàn, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń ṣe ni kí a wá nǹkan dà sí i. Ẹlòmíràn a da omi sí i, ẹlòmíràn a da ajílẹ̀ òyìnbó sí i, ẹlòmíràn a bu eérú lé e lórí, ẹlòmíràn a sì sáré lọ ra oògùn apakòkòrò ní ọjà. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ó ní ìwúlò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ewé tí ó pọ́n nítorí ebi àti ewé tí ó pọ́n nítorí àpọ̀jù omi jọ ara wọn bí ìbejì. Bí a bá sì bu omi kún èyí tí omi ń pa, a ti bá ikú rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pe ìtọ́jú ewébẹ̀ ní ẹjọ́ dídá. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ewé jẹ́ ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n ewé nìkan kọ́ ni ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ẹjọ́ náà bí ó ti tọ́ gbọ́dọ̀ pe èso, igi, gbòǹgbò, àti ilẹ̀ tí ewébẹ̀ náà dúró lé, kí ó sì gbọ́ tẹnu olúkúlùkù wọn kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti ewé. Bí ewé bá pọ́n, ìbéèrè wa ni pé: ṣé ewé àgbà tí ó wà nísàlẹ̀ ni, àbí ewé ọ̀dọ́ tí ó wà lókè? Bí èròjà tí à ń pè ní náítírójìn kò bá tó nínú ilẹ̀, ewé ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pọ́n, nítorí pé ewébẹ̀ a máa gba oúnjẹ yìí kúrò lára ewé àgbà láti fi bọ́ ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, gẹ́gẹ́ bí ìyá rere ti ń fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ọmọ. Ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dáadáa ni oògùn èyí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ewé òkè ni ó pọ́n, tí iṣan inú rẹ̀ sì dúdú minimini síbẹ̀, irin ni kò tó o, nítorí pé irin kì í kúrò lára ewé àgbà lọ sára ewé ọ̀dọ́. Èyí sì lè ṣẹlẹ̀ níbi tí a bá ti da eérú sí ilẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ wò ó, ẹni tí ó bá tún bu eérú sí irú ewébẹ̀ bẹ́ẹ̀, àìsàn ni ó ń bu kún àìsàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yí ewé padà, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀tá ewébẹ̀ ni kì í gbé òkè ewé. Níbẹ̀ ni a ó ti rí àwọn kòkòrò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí wọ́n rọ̀ mọ́ ọ̀mùnú ewé, tí wọ́n ń fa omi ara rẹ̀ títí yóò fi ká jọ. Bí a bá rí èèrà tí ń lọ tí ń bọ̀ lára ewébẹ̀, kí a má ṣe rò pé èèrà ni ó ń jẹ ẹ́. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí a máa ya omi dídùn, omi náà ni èèrà ń lá, ó sì ń ṣọ́ wọn bí darandaran ti ń ṣọ́ màlúù. Ẹni tí ó bá pa èèrà nìkan ti pa darandaran, ó sì fi màlúù sílẹ̀ nínú oko. Kí a fi ìka nù wọ́n kúrò, tàbí kí a fi omi ọṣẹ díẹ̀ wẹ abẹ́ ewé náà ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ti ilá, bí ewé rẹ̀ bá lu wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, kòkòrò kékeré kan tí ó máa ń fò lọ bí a bá fọwọ́ kàn án ni ó ṣe é. Ihò náà kì í sábà pa ilá. Ohun tí ó burú ni pé kòkòrò yìí a máa gbé àrùn láti ara ilá kan sí òmíràn, ewé èyí tí ó bá sì mú un a di alábàwọ́n bí aṣọ àdìrẹ, apá kan á pọ́n, apá kan á dúdú. Ilá tí ó bá ti rí báyìí kò lè sàn mọ́, kí a tètè fà á tu kí ó má baà ran àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ti tẹ̀tẹ̀, bí ewé rẹ̀ bá ká, tí ohun kan bí òwú aláǹtakùn sì so ó pọ̀, ẹ tú u wò: ẹ ó rí kòkòrò aláwọ̀ ewé tí ó sùn sínú rẹ̀. Ọwọ́ àti sùúrù ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tó fún un.

Èso pẹ̀lú ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi oògùn apakòkòrò fọ́n tòmátì nítorí pé ìdí èso rẹ̀ dúdú, ó sì tẹ̀ wọnú bí awọ tí ó gbẹ. Kò sí kòkòrò kan nínú ẹjọ́ yìí. Kálísíọ̀mù ni kò dé ìdí èso náà ní àkókò tí ó ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni èròjà yìí sì lè pọ̀ nínú ilẹ̀ gan-an. Omi ni ó ń gbé e lọ. Bí a bá jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, tí a sì wá rọ omi sí i lójijì, ọ̀nà oúnjẹ yóò dá dúró, ìdí èso tí ó jìnnà jù lọ ni yóò sì jìyà. Nítorí náà, omi déédéé lójoojúmọ́ àti koríko gbígbẹ tí a tẹ́ sórí ilẹ̀ láti pa ọ̀rinrin mọ́ ni ìwòsàn rẹ̀. Ajílẹ̀ òyìnbó àpọ̀jù a sì máa mú un burú sí i, nítorí pé ewé yóò ya lọ́pọ̀lọpọ̀, yóò sì fa omi mọ́ èso lọ́wọ́.

Ẹlẹ́rìí tí a kì í sábà pè ni gbòǹgbò, nítorí pé inú ilẹ̀ ni ó fi ara pamọ́ sí. Mo ti rí ebè ṣọkọ kan tí ó kúrú, tí ewé rẹ̀ ń rọ ní ọ̀sán bí a tilẹ̀ bomi rin ín ní òwúrọ̀. Ẹni tí ó ni ín ti da ajílẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì, kò sì yí padà. Nígbà tí a fa ọ̀kan tu, gbòǹgbò rẹ̀ kún fún kókó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn. Aràn tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí ni ó wọ inú gbòǹgbò náà, tí ó sì mú kí ó wú, tí omi àti oúnjẹ kò fi lè gba ibẹ̀ kọjá bí ó ti yẹ. Àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Miles Joseph Berkeley, tí ó tún jẹ́ onímọ̀ nípa ewéko, ni ó kọ̀wé nípa irú kókó bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1855, lára gbòǹgbò kùkúḿbà. Ṣọkọ, ilá, ewédú àti tòmátì wà lára àwọn tí aràn yìí fẹ́ràn jù lọ.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe dá ẹjọ́ èké fún ẹ̀wà. Gbòǹgbò ẹ̀wà àti ti ẹ̀pà a máa ní kókó, oore sì ni ti ìyẹn, nítorí pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń bá a gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Bí a bá fi èékánná kàn án yóò jábọ́ wẹ́rẹ́, bí a bá sì là á, inú rẹ̀ yóò pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹran. Kókó ti aràn kì í jábọ́, nítorí pé ara gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ni ó wú.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ní àkókò ìsinmi kan nígbà òjò, mo wà lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi, ẹni tí ó gbin bí ọgọ́ta igi tòmátì sí àgbàlá rẹ̀. Èrè wọn ni ó fẹ́ fi ra ìwé àti aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so, mẹ́rin nínú wọn rọ jọwọlọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, pẹ̀lú ewé tútù lára wọn. Ní alẹ́ wọ́n jí díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta wọ́n kú. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ogún ti lọ. Ewé wọn kò pọ́n, kòkòrò kò jẹ wọ́n, ilẹ̀ sì tutù.

Obìnrin kan wà tí àgbàlá rẹ̀ bá ti àbúrò ìyá mi pààlà, àwọn méjèèjì sì ti jà nítorí ewúrẹ́ ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé obìnrin náà ti da nǹkan sí ìdí tòmátì ní òru. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ pé òun rí i lẹ́bàá ọgbà náà. Àbúrò ìyá mi pinnu láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ baálé ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a bá ti pe ènìyàn ní orúkọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú kékeré, kì í tán lára rẹ̀ mọ́. A máa bá ọmọ rẹ̀ dé ilé ọkọ.

Mo wí fún un pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ìyá mi, ẹ fún mi ní òwúrọ̀ kan péré.”

Ó dáhùn pé, “Ọmọ mi, ṣé tòmátì ni yóò dìde pa ara rẹ̀ ni?” Ṣùgbọ́n ó gbà.

Mo fa èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ tu, mo fi ọ̀bẹ mímọ́ gé igi rẹ̀ nítòsí ilẹ̀, mo sì mú un dání kí ojú ibi tí a gé lè kan omi mímọ́ inú ife gíláàsì, láìmì í. Láìpẹ́, ohun funfun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde láti inú rẹ̀ bí òwú tín-ín-rín, bí èéfín tí ń lọ sí ìsàlẹ̀, títí omi náà fi rí bí omidùn. Mo ṣe bákan náà sí igi tòmátì kan tí ara rẹ̀ le. Omi tirẹ̀ mọ́ gaara.

Mo ṣàlàyé fún un pé kòkòrò àìfojúrí kan ni ó wà nínú ilẹ̀, tí ó ń gba ojú gbòǹgbò wọlé, tí ó sì ń dí ọ̀nà omi inú igi pa. Erwin Smith, ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti ọdún 1896. Tòmátì, ata, ìgbá, tábà, àti ẹ̀pà pàápàá ni ó ń bá jà, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí oògùn tí a lè dà sí i tí yóò jí èyí tí ó ti mú. Mo wá bi í ní ohun tí ó gbìn sórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ìgbá ni ó wà níbẹ̀ lọ́dún tí ó kọjá, ata ni ó sì wà níbẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú ìyẹn. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, oúnjẹ kan náà ni wọ́n sì jẹ́ fún àrùn yìí.

Nígbà náà ni mo bẹ̀ ẹ́ kí a lọ wo àgbàlá kejì, nítorí pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, tí omi òjò ọgbà rẹ̀ ń ṣàn gbà. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé mi. Igi ata méje ni ó ti rọ níbẹ̀. Obìnrin náà ti rí i láti ọjọ́ mẹ́rin, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé òun náà ti ń fura sí ẹnìkan nínú ọkàn rẹ̀. Kò dárúkọ ẹni náà, a kò sì bi í. Mo gé igi ata kan, mo kì í bọ omi, omidùn kan náà ni ó ṣàn jáde. Àwọn méjèèjì wo ife náà fún ìgbà pípẹ́ láìsọ̀rọ̀.

A fa gbogbo èyí tí ó rọ tu pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, a sun wọ́n, a la ojú omi sí ibòmíràn kí ó má baà gba inú ọgbà kan bọ́ sí èkejì mọ́, àgbàdo ni a sì gbìn sórí ilẹ̀ náà lẹ́yìn èyí. Èmi kò lè sọ pé wọ́n di kòríkòsùn láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lọ sí ọ̀dọ̀ baálé, orúkọ ènìyàn kan kò sì bàjẹ́. Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ẹni tí kò bá wá ìka tí ó ṣẹ̀ rí, ìka aláìṣẹ̀ ni yóò gé.

Nísinsìnyí, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó wá. Àwọn ohun tí ó lè dènà púpọ̀ nínú àìsàn wọ̀nyí kò ní owó nínú, àfi ìfarabalẹ̀.

Èkíní, kí a má ṣe fún irúgbìn nípọn, kí a má sì rin ín lómi púpọ̀ jù. Nígbà tí èhù bá há mọ́ra, tí ilẹ̀ sì tutù ní gbogbo ìgbà, ọrùn wọn a máa jẹrà ní ojú ilẹ̀, wọ́n á sì ṣubú ní òru kan ṣoṣo bí ẹni pé a fi abẹ gé wọn.

Èkejì, kí a má ṣe gbin ọmọ ìyá kan náà sí ojú kan náà lọ́dọọdún. Kí tẹ̀tẹ̀ tàbí àgbàdo tẹ̀lé tòmátì, kí a sì pa ìgbá àti ata mọ́ fún ebè mìíràn. Ó dára kí olùkọ́ ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ohun tí a gbìn sí ebè kọ̀ọ̀kan sí, nítorí pé ọpọlọ a máa gbàgbé, ilẹ̀ kì í sì í gbàgbé.

Ẹ̀kẹta, kí a máa bomi sí ìdí ewébẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ewé lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní àkókò òjò, kí a fi àyè sí àárín tẹ̀tẹ̀, nítorí pé ọ̀rinrin tí kò rí afẹ́fẹ́ ni ó ń mú igi rẹ̀ jẹrà.

Ẹ̀kẹrin, lẹ́yìn ìkórè, kí a hú gbòǹgbò àtijọ́ kúrò, kí a sì kọ ilẹ̀ náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí oòrùn lè yan án. Èyí ni ó ń dín aràn kù, àti ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà pẹ̀lú.

Ẹ̀karùn-ún, ní ti tata, kí a má ṣe dúró di ìgbà tí ó bá bo ọgbà. Nígbà òjò ni ó ń kó ẹyin rẹ̀ sínú ilẹ̀ lábẹ́ ibòòji, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn a sì máa yé e sí ojú kan náà. Ẹni tí ó bá fi ọkọ́ hú ibẹ̀ síta fún oòrùn ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún tata ní òórọ̀ ọjọ́ kan.

Ní ti oògùn apakòkòrò, n kò sọ pé kò ní àyè tirẹ̀ rárá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ewébẹ̀ yìí ni a ó jẹ. Oògùn tí a ṣe fún ẹ̀fọn àti aáyán inú ilé kò ní nǹkan í ṣe lára ẹ̀fọ́. Èyí tí a sì ṣe fún oko ní iye ọjọ́ tí a kọ sí ara ìgò rẹ̀ pé a gbọ́dọ̀ dúró kí a tó ká ohun tí a fọ́n ọn sí. Oògùn tí a fọ́n láìmọ ọ̀tá kì í sì í ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí à ń pè ní Tuta absoluta ba tòmátì jẹ́ ní ìhà Àríwá tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde pàjáwìrì lórí rẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò náà ti ṣẹ̀ wá. Ó dé ilẹ̀ Sípéènì ní ọdún 2006 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ ewé ni ọmọ rẹ̀ ń gbé tí ó ti ń jẹun, nítorí náà oògùn tí a fọ́n sí òkè ewé kì í tètè kàn án. Ẹni tí ó bá mọ ìwà rẹ̀ ni yóò mọ̀ pé kí òun ká ewé tí ó bá ní ọ̀nà funfun nínú, kí òun sì sun ún.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ a ó dúró níwájú àwọn ọmọ kéékèèké nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ewébẹ̀ kan yóò sì rọ. Àwọn ọmọ náà yóò bi wá pé ta ni ó ṣe é. Kí a má ṣe dá wọn lóhùn kíákíá. Kí a kọ́ wọn láti kúnlẹ̀, kí wọ́n yí ewé padà, kí wọ́n wo igi, kí wọ́n fa gbòǹgbò tu, kí wọ́n sì béèrè ohun tí a gbìn síbẹ̀ lọ́dún èṣí. Ọmọ tí ó bá kọ́ láti gbọ́ tẹnu gbòǹgbò tòmátì kí ó tó dá ẹjọ́ rẹ̀, mo gbàgbọ́ pé yóò ṣòro fún un ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ láti dá ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́bi nítorí àhesọ.

Kí ọgbà gbogbo wa máa tutù o.